Ìwé Tín-ín-rín Yẹn Ni Kí O Mú, Àbẹ̀kẹ́

Ilé wa ní Ṣómólú,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí ó fi ojú jọ ìyá mi tí ó sì fi agídí jọ èmi,

Ṣé dáadáa ni Bàrígà wà? Ṣé òrùlé yàrá tuntun yẹn kò jò? Màmá rẹ ní kí n béèrè bóyá o ń jẹun. Mo ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kì í gbàgbé ẹnu ara rẹ̀, ó ní kí n ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ti kọ ọ́.

Ara tù mí, ọmọ mi. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Oṣù méje tí o fi wà nílé lẹ́yìn tí o kúrò ní báǹkì, mo ń ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, mo ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́ ní àkàtúnkà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Nígbà tí o wá dé pé ilé ìkàwé àwọn ọmọdé ní Pedro ti gbà ọ́, pé ìwọ ni wàá máa kó àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá jọ ní gbogbo Sátidé, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó lórí àpáta ìfọṣọ màmá rẹ, mo sì mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni o kó ìwé mẹ́ta síwájú mi. Mo rántí ọ̀rọ̀ wa dáadáa.

“Daddy, ẹ bá mi wò wọ́n. Eré akọni alágbára ni gbogbo wọn. Ẹyọ kan péré ni wọ́n máa rà, a máa dá méjì tó kù padà.”

“Kí ni mo mọ̀ nípa eré?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé. Ọ̀gá mi ní Sátidé mẹ́rin lòun fún mi. Tí àwọn ọmọ ò bá padà wá, wọ́n á fi yàrá yẹn ṣe kíláàsì lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́.”

Mo gba ìwé náà, mo ń ṣe yànga bí ẹni tí wọ́n ń dà láàmú, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹ ẹ̀bà tó wà níwájú mi tán. Ìdí tí inú mi fi dùn nìyí. Eré yìí gan-an ni o fẹ́ràn nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún méjìlá, tí o sì pa tì lójijì. O rò pé o mọ ìdí tí o fi pa á tì. O kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n, màá sì sọ ọ́ nínú lẹ́tà yìí kí n tó gbé bírò sílẹ̀. Òun ló fà á tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Lórí fóònù, “Daddy, mo wà nínú kẹ̀kẹ́, mo ń bọ̀” ni tìrẹ, èmi náà á sì ti ibẹ̀ rí ibi sá gbà.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe tàwọn ọmọ, torí pé tiwọn ló kánjú.

Mi ò fi ojú lásán wo àwọn ìwé náà. Mo pe ọmọ mẹ́ta nínú àgbàlá wa, mo sì bá wọn ṣe eré kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì tí ó wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Àwọn náà ni Sọ́díìkì ọmọ télọ̀ iwájú ilé, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Fẹ́yí, àti Ìbùkún, ọmọ ìyá Ìlàjẹ tó ń yan ẹja ní yàrá ẹ̀yìn. O mọ bí eré náà ṣe rí jù mí lọ: ọmọ kọ̀ọ̀kan á dá akọni tirẹ̀, á fún un lórúkọ àti agbára, adarí eré á máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọ á sọ ohun tí akọni òun fẹ́ ṣe, á sì ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Ìtàn tí gbogbo wọn jọ ń pa ni. Èmi ni mo di adarí, èmi tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí orúnkún sì ń dùn.

Èkíní, má fi ìwé ńlá inú mẹ́ta yẹn bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú rẹ wà lára rẹ̀. Ó dára lóòótọ́, wọ́n fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀, wọn kò fi gọ́ọ̀mù lásán lẹ̀ ẹ́, yíǹkì rẹ̀ sì dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀sán odidi ni a fi dá akọni, a kò sì tíì ṣeré. Kí ọmọ tó lè fò, ó gbọ́dọ̀ ṣírò iye agbára tó ní, kí ó yọ ti ojú kúrò, kí ó fi ti apá kún un.

Fẹ́yí bi mí pé, “Bàbá, ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?”

Mo ní a ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wo bébà tó wà níwájú rẹ̀. “Èyí ò yàtọ̀ sí ìṣirò,” ó sì gbé orí lé tábìlì, ó sùn lọ.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá mi fi mí sídìí kíka bébà àti ṣíṣẹ́ ẹ po fún oṣù mẹ́fà gbáko. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá ni èmi ń wò. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá lọ kí ìyàwó rẹ̀ tó bímọ, mo tan ẹ̀rọ náà. Káàdì ìgbéyàwó ló wà lórí rẹ̀. Mo da yíǹkì sí i bí ẹni tó ń da epo sí ọbẹ̀. Orúkọ ìyàwó di dúdú kirimú, ti ọkọ nìkan ló hàn, èèyàn á rò pé ṣe ni ọkùnrin náà fẹ́ fẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá dé, ó wo káàdì, kò gbá mi létí. Ó ní, “Wàhíìdì, ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe tìẹ lónìí. Tó bá di tìẹ, kò ní sá.” Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, Àbẹ̀kẹ́. Ìwé ńlá kò ní sá. Bí àwọn ọmọ yẹn bá di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí wọ́n sì ń bẹ̀ ọ́ fún un, kí o gbé e fún wọn nígbà náà.

Èkejì, má mú eré tó ń lé ọmọ kúrò nídìí tábìlì. Ìwé kejì, èyí tó kún fún àwòrán, irú rẹ̀ nìyẹn. Ìjà ni láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. Ìgbà kẹta tí Sọ́díìkì ju dáìsì, akọni rẹ̀ kú. Mo wo inú ìwé bóyá ọ̀nà àbáyọ wà, ìwé ní kí ó máa wo àwọn yòókù títí eré á fi parí.

“Ṣé mi ò lè tún padà wá ni, Bàbá?”

“Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀.”

Ó dìde, ó lọ fọ abọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ máa ń lé yí ilé po kí ó tó fọwọ́ kan ṣíbí, òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ fọ abọ́, kò sì padà wá. Mo jókòó, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ Kúnlé ni mo sì rí. Nígbà tí Kúnlé wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo kọ́ ọ ní dráàfù. Mo ń nà án nínú eré náà lójoojúmọ́. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọmọ di ọkùnrin, pé ọjọ́ tó bá nà mí ni á mọ̀ pé òun ti dàgbà. Ọjọ́ yẹn kò dé, nítorí pé lọ́jọ́ kan ó kó ọmọ dráàfù sínú páálí rẹ̀, ó gbé e fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Daddy,” kò sì jókòó sí iwájú mi mọ́ láti ìgbà náà. Ó ń kí mi, ó ń pè mí, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ kò mọ ohun tí a lè jọ jókòó ṣe.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwé kẹta, èyí tó tín-ín-rín, bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ gbọ́ òwe yẹn ni. Tí ọmọ bá ju dáìsì tí kò dáa, akọni rẹ̀ kì í kú, ìtàn sì kì í dúró. Nǹkan mìíràn ló máa ń ṣẹlẹ̀. Sọ́díìkì fẹ́ gbé táǹkì omi kúrò lórí ọ̀nà. Dáìsì kò gbè é. Mo ka ohun tí ìwé wí, mo sọ fún un pé, “O gbé e, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ dà sórí aṣọ tí wọ́n sá.” Àwọn méjì yòókù rẹ́rìn-ín títí Fẹ́yí fi bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Sọ́díìkì ní òun máa fi atẹ́gùn ẹnu òun fẹ́ aṣọ náà gbẹ. Kò lọ síbi kankan lọ́jọ́ náà. Àní ìyá rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹta.

Nítorí náà, ìwé tín-ín-rín yẹn ni kí o mú. Bébà ẹyọ kan ni akọni rẹ̀, dáìsì lúdò méjì tó fún un, ọmọ tó bá lè ka ìwé kíláàsì kẹta ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti lè ṣe é fúnra rẹ̀. Kí omi tó hó lórí iná, a ti dá akọni mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò le, píìnì méjì ni wọ́n fi há a. Gbé e wá, màá fi páálí ṣe èèpo sí i fún ọ.

Ẹ̀kẹta, má kó àwọn ọmọ Pedro lọ sí ìlú tí òjò dídì ti ń rọ̀. Ìtàn tó wà lẹ́yìn ìwé náà, ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá ni. Mo kà á fún wọn, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń wo aṣojú ìjọba. Mo bá pa ìwé dé, mo ní, “Ó dáa. Kọ́tà ẹ̀yìn ilé wa ti dí, omi ti ń wọ yàrá ìyá Ìbùkún, a kò sì mọ ohun tó dí i.” Ojú gbogbo wọn là. Ìbùkún ní agbára akọni òun ni pé ó ń gbọ́ ohun tí ẹja ń sọ. Mo ní ẹja wo ló wà nínú kọ́tà? Ó ní, “Bàbá, àrọ̀ wà níbẹ̀. Àrọ̀ máa ń wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò rò.” Àrọ̀ náà ló sì sọ ohun tó dí kọ́tà fún un. Mi ò lè ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí mo bá fi ọdún kan jókòó.

Ibi tí mo ti ń sọ èyí, kí n fi kún un: ọmọ mẹ́rin ni kí o fi sídìí tábìlì kan, má fi mẹ́jọ sí i, àwọn tó lẹ́nu á jẹ àwọn tí kò lẹ́nu mọ́lẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí o fún wọn, má fún wọn ní bírò. Wákàtí kan àtààbọ̀ ti tó, kí wọ́n lọ sílé nígbà tí ó ṣì ń wù wọ́n. Kí o sì pe àwọn òbí wá wò ó ní Sátidé àkọ́kọ́, torí pé tí ọmọ bá délé tó ní “Mo gba agbára lónìí,” ìyá mìíràn á béèrè pé agbára wo, lọ́wọ́ ta ni. Ìyá Ìbùkún béèrè lọ́wọ́ mi. Mo fi í jókòó, mo fún un ní dáìsì. Ó ní akọni tòun á máa yan ẹja láìsí èéfín.

Ẹ̀kẹrin. Àbẹ̀kẹ́, mo ti dìde nídìí lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo mu omi, mo lọ wo bóyá ẹnu ọ̀nà tì.

Bébà tí ọmọ kọ akọni rẹ̀ sí, ibi tí a bá pè ní orí ni, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ra fáìlì, kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí i, tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwọ alára mọ ohun tí mo ń sọ.

O rántí pé nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún méjìlá, ọ̀rẹ́ rẹ kan mú ìwé irú eré yìí wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ìwọ àti àwọn ọmọbìnrin méjì kan ní Ọbáníkòró sì ń ṣe é lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ìwọ ni adarí wọn. O ya àwọn akọni náà, o kọ ìtàn wọn, ó ju ogójì bébà lọ. Ìwé tó ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù mi ni o ń lò, bí gbogbo ọmọ atẹ̀wé ní Ṣómólú ṣe ń ṣe: ojú kan ti ní títẹ̀, o ń kọ nǹkan sí ojú kejì. O kó wọn sí orí tábìlì mi nítorí pé o rò pé ibẹ̀ ni ewu kò sí.

O tún mọ̀ pé tí ọdún bá ń parí lọ, a máa ń kó irú bébà bẹ́ẹ̀ jọ, a ó gé e kéékèèké, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ orí rẹ̀ di jọ́tà, a ó sì pín in fún àwọn oníbàárà. Lọ́dún yẹn mo ń kánjú. Mo kó gbogbo bébà tó wà lórí tábìlì, mi ò yẹ̀ wọ́n wò, èmi tí mo máa ń bú àwọn ọmọ iṣẹ́ pé wọn kì í yẹ bébà wò. Mo tò wọ́n sábẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń gé ìwé. Ìgbà kan ṣoṣo ni abẹ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, oníbàárà kan tó ń ta oògùn wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní, “Bàbá, ta ló ya obìnrin abìyẹ́ yìí sínú jọ́tà mi?” Orí akọni rẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ akọni náà ti lọ sílé ẹlòmíràn. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

O délé lọ́jọ́ náà, o bi mí. Mo ní eku ni. Mo tún bínú sí ọ pé ta ní ní kí o kó bébà sílẹ̀ káàkiri. O fi ọjọ́ mẹ́ta wá ẹ̀yìn àpótí gbogbo nínú ṣọ́ọ̀bù, o ń wá ihò eku, èmi sì wà níbẹ̀, mo ń wò ọ́. Mo tilẹ̀ ra pańpẹ́. Lẹ́yìn náà o kò ṣeré mọ́, o kò sì ya àwòrán mọ́, o gbájú mọ́ ìwé rẹ, gbogbo èèyàn ń kí mi pé ọmọ mi ti gbọ́n. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Màmá rẹ nìkan ló mọ̀, kò sì sí ọdún tí kò ní, “Bàbá Kúnlé, ẹ sọ fún ọmọ yẹn.”

Ní àná, àwọn ọmọ mẹ́ta yìí ní èmi náà gbọ́dọ̀ dá akọni, pé adarí kò gbọdọ̀ máa wo àwọn bí olùkọ́. Mo gbà. Mo ní akọni tèmi lè rí àṣìṣe nínú ìwé ẹlòmíràn láti òkèèrè, kódà kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìwé tín-ín-rín yẹn ní ìbéèrè kan tó ń bi gbogbo akọni, Fẹ́yí ló sì kà á fún mi: kí ni akọni rẹ kò lè ṣe?

Mo ronú títí. Mo ní, “Kò lè sọ pé òun jẹ̀bi.”

Sọ́díìkì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbùkún ni kò gbà. Ó ní kí n wá òmíràn, pé ti akọni Fẹ́yí ni pé kò lè rìn lójú omi, ìyẹn sì le.

“Tiyín ò le, Bàbá. Ẹ kàn máa sọ ọ́ ni.”

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi, eku kọ́. Èmi ni mo gé wọn. Mo jẹ̀bi rẹ, mo sì bẹ̀ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Wàhíìdì.